Agolo Tí Kò Ní Ìwé Lára

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé àlàáfíà lèmi náà wà, ṣùgbọ́n irọ́ ni, mi ò sì fẹ́ fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

O ní kí ló dé tí mi ò gbé fóònù. Lórí fóònù, ẹkún lèmi pẹ̀lú rẹ ń sun, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnì kejì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lu òǹtẹ̀ sára lẹ́tà onílẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tí ẹnu ò bá lè sọ, ìwé á gbé e. Jókòó kí o tó máa kà á lọ.

A ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni, ibì kan náà sì ni. Ẹni tó yẹ kó sin mí ni mo sin.

Ohun tí wọn ò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe àìsàn ló pa wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá ní oró ni, wọ́n sì ti mú Alágídí pé òun ló pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Má pariwo. Mo ti pa ariwo tó tó àwa méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo fi ẹ̀yìn mi yìí pọ̀n.

Gbọ́ bó ṣe rí. Lọ́sẹ̀ yẹn, òun àti bàbá rẹ̀ ń jà. Ó ní ilé ìwé ti sú òun, iṣẹ́ mẹkáníìkì lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ ní ọmọbìnrin òun ò ní máa fi girísì para. Ìyá rẹ̀ dá sí i, ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì gbọ́ nígbà tó ní, "Ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì bá fi mí sílẹ̀ ni mo máa sinmi." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ máa ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òbí ló ń kú ní ọjọ́ kẹta tí ọmọ bá sọ ọ́.

Aránṣọ yìí kan náà ló rí i nírọ̀lẹ́, tó ń fi àkísà dí ojú fèrèsé yàrá àgbàdo, tó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà. O mọ ilé yẹn. Pákó lásán ló wà láàárín ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń kó àgbàdo títà rẹ̀ sí àti ibi tí wọ́n ń sùn. Nígbà tó dí i tán, ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ sùn sínú ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, torí pé inú ṣì ń bí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun nìkan ló jí.

Wọ́n bi í pé kí ló ṣe, kò fèsì. Wọ́n tún bi í, kò fèsì. O mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ni ọmọ yẹn ò ní.

Mi ò tíì lọ wò ó níbi tí wọ́n fi í sí. Mi ò lè lọ. Ó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ bí ìmumu, mi ò mọ ojú tí mo máa fi wo ojú yẹn. Ìwọ ló fẹ́ràn jù nínú ẹbí. Bí o bá mọ ohun kan nípa ọkàn ọmọ yìí tí èmi ò mọ̀, sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Orí ibùsùn ni mo ti ka ìwé yín. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá yìí, àwọn mẹ́ta yòókù bi mí pé kí ló dé, mi ò lè sọ. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo kàn di ìgbálẹ̀ mú, mo dúró láàárín ilé ìkó-ọkà-sí náà títí ọ̀gá wa fi bi mí bóyá èmi ni mo di ìgbálẹ̀ mú ni àbí ìgbálẹ̀ ló dì mí mú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Màmá, ẹ gbọ́ mi. Alágídí kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún tí pàkúté mú eku nílé yín, tí ẹ ní kó lọ pa á sẹ́yìn ilé? Ó gbé pàkúté dé ìdí ọgbà, ó tú eku sílẹ̀, ó wá ń bú yín pé eku náà ní ìyá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé eku yẹn ti padà dénú kọ́bọ́ọ̀dù yín kí òun tó fọwọ́ tán. Ṣé ọmọ yẹn ló máa wá pa Bọ̀ọ̀dá?

Inú mi bàjẹ́ sí yín. Ẹ ò pè mí kí ẹ tó sin wọ́n. Mo mọ̀ pé ìwé ìgbélùú mi ò tíì jẹ́ kí n lè wá, ṣùgbọ́n ẹ ì bá jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yerùpẹ̀ lórí fóònù. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ẹ ò tíì lọ wo ọmọ náà. Bí gbogbo ayé bá kọ ẹ̀yìn sí i, tí ìyá bàbá rẹ̀ náà kọ ẹ̀yìn sí i, ta ló kù?

Ẹ lọ, ẹ bi í. Ẹ sọ fún un pé èmi Àǹtí rẹ̀ ni mo ní kó sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá mọ̀, kó jẹ́ kó tẹnu rẹ̀ jáde, kó má fi bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Oró wo sì ni wọ́n ń wí? Ṣé inú oúnjẹ ni?

Ọmọ yín,
tó ń ti ọ̀nà jíjìn sunkún.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o. Ìwé rẹ dé. Mo ka ọ̀rọ̀ eku, mo rẹ́rìn-ín, inú wá bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

O bá mi wí pé mi ò pè ọ́ kí a tó sin wọ́n. Máa bá mi wí, ó tọ́ sí mi. Òkú méjì ló wà nílẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì.

Àná ni ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ jókòó. Torí pé ọmọdé ni, wọn ò gba èrò láyè. Èmi, aránṣọ, àwọn tó wá jẹ́rìí àtàwọn lọ́yà nìkan la wà níbẹ̀. Yàrá náà kò tóbi ju kíláàsì kan lọ, fáànù tó wà lókè ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Obìnrin ni adájọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ. Wọ́n mú Alágídí wọlé nínú aṣọ aláwọ̀ eérú tí apá rẹ̀ kúrú. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ láti kí mi, ọlọ́pàá obìnrin tó mú un wá fà á dìde, ó ní ilé ẹjọ́ kì í ṣe ibi ìkúnlẹ̀. Mo wo ibòmíràn.

Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe inú oúnjẹ. Afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n fà símú lójú oorun. Ẹni tó ń yẹ oògùn wò fún ìjọba wá gbé agolo kan ka orí tábìlì. Inú yàrá àgbàdo ni wọ́n ti rí i. Agolo irin ni, ó gùn tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgunpá. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ ha gbogbo ìwé tó wà lára rẹ̀ kúrò, ó ku irin lásán. Bébà alẹ̀mọ́ pupa wà lọ́rùn ìdérí rẹ̀, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin náà ní oògùn kòkòrò inú ọkà ni, pé bí wọ́n bá ṣí i, ó ń tú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fà símú. Ó ní kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan nílùú yìí tó ń tà á, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló ń lò ó.

Lọ́yà ìjọba dìde, ó gbé agolo náà sókè. Ó ní, "Olúwa mi, ẹni tó ha ìwé ara agolo yìí mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í ha ìwé."

Orí mi mì. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi ìyá àgbà ọmọ náà mi orí pé òótọ́ ló sọ.

Adájọ́ bi í ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ mi, níbo lo ti rí agolo yìí?" Kò fèsì. "Ta ló ha ìwé ara rẹ̀?" Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Lọ́yà tí ìjọba fún un, ọmọkùnrin kan tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tóbi jù ú, bá mi níta lẹ́yìn náà. Ó ní bí ọmọ náà ò bá sọ ibi tí agolo ti wá, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Wọ́n á gbà pé ó pète rẹ̀ ni, yóò sì pẹ́ níbẹ̀ títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Mo sọ fún un, bí o ṣe ní kí n ṣe, pé Àǹtí rẹ̀ ní kó sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń mú un kọjá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Tètè kọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá. Ìwé ọ̀hún kì í ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lójú ọ̀nà, má sọ fún mi pé ó sọnù, èmi kọ́ lo máa sọ ìyẹn fún. Ìwọ lo ní kí n má kọ ẹ̀yìn sí ọmọ. Ṣé ìwọ ni kó wá kọ ẹ̀yìn sí i? Ṣé ara rẹ ò yá ni? Mo pe fóònù rẹ láàárọ̀ àná, ó ń dún, o ò gbé e.

Ilé ẹjọ́ jókòó lẹ́ẹ̀mejì sí i. Kò tíì sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú àìrójú. Ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Òtútù ti ń dínkù níbí, iṣẹ́ sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kọ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yìí, mo rò pé ó dára kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ òfin. Adájọ́ náà dà bí èèyàn dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí lọ́yà máa fi ìbéèrè agolo da ọmọ náà láàmú. Bó bá fẹ́ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ọmọdé ni, wọ́n á ṣàánú rẹ̀.

Mo ra bàtà fún yín, èyí tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ẹ máa sinmi dáadáa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ta lo rò pé ò ń kọ̀wé sí?

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta lo kọ sókè ìwé rẹ. Òǹtẹ̀ ara àpò ìwé náà, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ni wọ́n lù ú. O kọ ọ́ tán, o wá gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wàá lè fi irọ́ bo ọlọ́pàá, wàá fi bo adájọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó jẹun sẹ́nu nídìí òǹtẹ̀ títí ó fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Nínú oṣù kejì, o ní kó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ agolo fún ọ, o ní kó dákẹ́. Mo ti darúgbó, ṣùgbọ́n mi ò tíì dìtì. Kí lo ń fi pamọ́?

Mo ti lọ wò ó. Ẹsẹ̀ mi wúwo títí mo fi dé ibẹ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń rí àlejò, bẹ́ǹṣì méjì ló wà níbẹ̀ àti tábìlì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Mo mú ọṣẹ àti ìyarun dání. Nígbà tó jókòó, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo sunkún débi pé òun ló ń bẹ̀ mí.

Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó tọrọ bébà àti àpò ìwé, ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí ọ. Wọ́n máa ń ka gbogbo ìwé tó bá ń jáde níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e jáde nínú bàtà mi. Bí o bá gbọ́ òórùn kan, tèmi ni. Ó lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, mi ò sì ṣí i. Ọgbọ̀n ọdún, mi ò ṣí lẹ́tà onílẹ́tà rí, mi ò ní fi ojú ogbó bẹ̀rẹ̀. Òun nìyí nínú ìwé tèmi.

Ọjọ́ kejì oṣù keje ni wọ́n máa dá ẹjọ́.

Ìyá rẹ.


(Láìsí ọjọ́)

Àǹtí mi,

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán, ẹ kúrọ̀lẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tó máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ara mi le. Ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú ọgbà ibí bàjẹ́, èmi ni mo tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ níbí pé girísì ò dára fún ọmọbìnrin.

Màmá sọ pé ẹ ní kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé torí kí wọ́n má bàa fura lẹ fi sọ ọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò tíì dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ yín.

Bàbá ka lẹ́tà tó bá agolo wá sétí mi. Ó ní, "Ọ̀gá Àlàyé ò ṣàlàyé púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ara rẹ̀ ò yá ni?" Ó wá fa lẹ́tà náà ya bí ẹ ṣe ní kó ṣe. Ó ní kí n fi ẹyọ kóró oògùn kan sínú àpò àgbàdo kọ̀ọ̀kan, kí n dí fèrèsé dáadáa kí agbára oògùn má bàa tú jáde. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi tó ti wá, kí n ní mi ò mọ̀, torí wọ́n á lé yín níbi iṣẹ́, wọ́n sì lè gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ yín. Ó ní kí n búra. Mo búra. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí èmi àti Bàbá jọ sọ tí kì í ṣe ìjà nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò lè fi yí i padà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Inú ń bí mi nígbà tí mò ń dà á sí i, mò ń kánjú. Mi ò ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo da méjì sí àpò míì, mẹ́ta sí òmíràn. Àǹtí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé torí mo fi kún un ni wọ́n ṣe kú? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹjọ́ tí wọ́n ń dá mi tọ́ sí mi.

Ẹ bá mi kí àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń gbé.

Èmi Alágídí yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò kúnlẹ̀. Ọkùnrin ló ń dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ò tó mi mọ́. Ẹ jókòó.

Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ lọ sọ́dọ̀ Alágídí, kí ẹ sọ fún un pé kì í ṣe iye tó dà sí i. Bó bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló kà, wọn ì bá kú náà. Ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì, torí kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ni mo fi agolo náà ránṣẹ́. Èmi ni mo ha ìwé ara rẹ̀.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá kọ̀wé pé kòkòrò ti jẹ ìdajì àgbàdo òun, inú mi dùn, Màmá. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Inú mi dùn pé ohun kan wà tí mo lè ṣe. Gbogbo yín rò pé òyìnbó ńlá ni mò ń ṣe níbí, ilẹ̀ ni mò ń gbá. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n ń kó oògùn ọkà sí. Mo jí agolo kan, mo fi sábẹ́ àkísà nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀, àwòrán agbárí òkú sì wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀wé náà á rí tí yóò sá. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo fi ọ̀bẹ ìjẹun ha orúkọ ilé iṣẹ́, mo sì ha agbárí náà pẹ̀lú rẹ̀. Bébà alẹ̀mọ́ pupa tí ẹ rí, ti ibi iṣẹ́ wa ni. Mo fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé.

Mo wá kọ lẹ́tà. Mo kọ pé ẹyọ kan fún àpò kan. Mo kọ pé kí wọ́n dí fèrèsé. Mo kọ pé kó fa ìwé náà ya. Ó ku ìlà kan, Màmá. Mo mọ ìlà náà. Ara ilẹ̀kùn tí mò ń gbá iwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kà á lójoojúmọ́. Gègé wà lọ́wọ́ mi. Mo ro ó pé bí mo bá kọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, pé Ọ̀gá Àlàyé tún ti dé pẹ̀lú òfin rẹ̀. Mo ro ó pé bí ẹ̀yin bá gbọ́, ẹ máa ju agolo náà sínú kòtò bí ẹ ṣe ju ìkòkò tó ń súfèé tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún yẹn. Mo tún sọ fún ara mi pé ilé kékeré ni, oògùn díẹ̀ ni, kò lè ṣe nǹkan kan. Yíyìn ni mo fẹ́ kí ẹ yìn mí. Mi ò kọ ìlà náà.

Ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé nípa bébà pupa ni mo mọ̀. Mo kọ gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, mo fà á ya, mo kọ ti òtútù àti bàtà dípò rẹ̀. Mo gbé e sínú báàgì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọmọ náà ń dákẹ́ nítorí mi, èmi ń ra bàtà.

Mo ti lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà á sì jẹ́jọ́ níbí. Mo búra sí gbogbo rẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí náà nìyí. Lọ́yà ló nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ránṣẹ́ sí lọ́yà kí ẹ má mọ̀. Ẹ̀yin ni mo fi í rán. Ẹ gbé e fún un, tàbí kí ẹ sun ún.

Èmi tí mo pa ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ọmọ mi,

A ní ìkíni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti fún ẹni tó ń sinmi, fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó ń dìde. Mo wá tìrẹ títí, mi ò rí i. Nítorí náà, mo kí ọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè mí.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, torí ìwọ nìkan kọ́ lo ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni mo gbé e fún lọ́yà. Mo yọ ìṣáná lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹni tó kú ti kú, ìwọ nìkan ló kù nínú ọmọ tí mo bí. Mo ní ọmọdé ni Alágídí, wọ́n á tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáá. Bí ìyá rẹ ṣe ń ronú nìyẹn. O gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́ pé kí n yàn láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ó burú pé o ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yàn, ìyẹn burú jù ú lọ.

O ní kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún un pé kì í ṣe iye tó dà sí i. Ìyẹn náà, ọjọ́ kẹjọ ni mo tó lọ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí o ṣe wí. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kejì. Ó wá bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo yọ àpò ìwé náà. Kò kà á. Ó yí i padà, ó wo òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú nígbà tó dé ìlú, ó fi ìka ka iye ọjọ́ lórí tábìlì. Ó ní, "Màmá, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín." Kò bú mi. Orí itan mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka òǹtẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́yà kó tó dé.

Adájọ́ ka ìwé rẹ fúnra rẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀. Ó bi Alágídí pé, "Kí ló dé tí o fi dákẹ́ látọjọ́ yìí?" Ó ní, "Mo búra fún bàbá mi, mà." Adájọ́ yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ilé ẹjọ́ ò rí ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn lọ́wọ́ ọmọ yìí, kó máa lọ sílé. Aránṣọ bẹ Alágídí títí níta. Ó ní kò sí wàhálà, ohun tó rí náà ló sọ.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú girísì títí dé iwájú orí, èmi ń fi ọṣẹ bó o. Kì í sùn nínú ilé. Mo tẹ́ ibùsùn sí fàráńdà fún un, mo ti ń jókòó tì í.

Fèrèsé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà ní ṣíṣí láti oṣù kejì. Òjò ń wọlé, ilẹ̀ ti bàjẹ́. Mi ò lè tì í, òun náà ò lè tì í.

Ó ka ìwé rẹ níkẹyìn. Ó ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlà kan wà tí o ò kọ, ṣùgbọ́n o ò tún kọ ìlà náà. Mo padà lọ wò ó, òótọ́ ni. O fi ojú ìwé mẹ́rin sọ pé o ò kọ ọ́, o ò sì kọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ ẹ lórí ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ, òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá àgbàdo, lẹ́yìn náà òun á ti fèrèsé.

Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mò ń kọ̀wé sí ọ, àbí o ò rí i? Kọ ọ́ wá. Má sì gbé e kiri.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù keje

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ó ku ìlà kan. Kí ẹ tó da oògùn yìí sínú àpò, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sùn níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni kí ilẹ̀kùn fi wà ní títì, tó bá pé, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa kí ẹ tó wọlé. Oró ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àbúrò yín,
Ọ̀gá Àlàyé.